Ẹ̀rọ Orí Ìwé àti Ẹ̀rọ Inú Abúlé

Bí wọ́n ṣe fa okùn ẹ́ńjìnnì yẹn, tó gbiná, ni mo ti mọ̀ pé mo ti ṣe àṣìṣe. Ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ tí mo fi odidi oṣù mẹ́ta ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ìyá kan da ẹ̀gẹ́ díẹ̀ sí i lẹ́nu, ẹ̀rọ náà sì pọ̀ ọ́ padà fún un. Ẹ̀gẹ́ fò lu òrùlé páànù, ó fò lu aṣọ wa, èkìrí kan bà mí níwájú orí. Àwọn ọmọdé tó wá wòran bú sẹ́rìn-ín. Mo sáré pa ẹ́ńjìnnì náà. Nígbà tí mo fọwọ́ kan ilé béárìn, ibi tí ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ̀rọ jókòó sí, ó ti gbóná débi pé n kò lè gbé ọwọ́ lé e, bẹ́ẹ̀ a ò tíì lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ̀rọ kan náà yìí ti ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa n'Íbàdàn. Ẹ̀gẹ́ àpò méjì la fi dán an wò, ó rin gbogbo rẹ̀ kúnná, mo sì ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Kí ló wá dé?

Mótò iná la fi dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà 1,440 ni mótò náà ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan. Púlì (kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì ń gba orí rẹ̀ yí) tó wà lórí mótò àti èyí tó wà lára dírọ́ọ̀mù tó ń rin ẹ̀gẹ́ tóbi bákan náà, nítorí náà iye tí mótò bá yí ni dírọ́ọ̀mù ń yí. Abúlé tí a gbé ẹ̀rọ lọ kò ní iná. Wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láti ọjọ́ kìíní, n kò lè ní n kò gbọ́. Ohun tí mo rò ni pé a óò kàn yọ mótò kúrò, a óò fi ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń lo bẹntiróòlù rọ́pò rẹ̀, agbára wọn ṣáà sún mọ́ra. Ṣùgbọ́n irú ẹ́ńjìnnì kékeré yẹn, bí wọ́n bá tẹ iná rẹ̀ dé òpin, ìgbà 3,600 ló ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ nìyẹn.

Wàhálà tó sì dé kì í ṣe ìlọ́po méjì àti ààbọ̀. Ohunkóhun tó bá ń yí, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan bá fi díẹ̀ wúwo ju èkejì lọ, ó máa ń fa ara rẹ̀ síta. Bí eré bá pọ̀ sí i, ìfà yẹn ń pọ̀ ju eré lọ: ẹ sọ 2.5 di púpọ̀ nípa 2.5, ó di 6.25. Àìdọ́gba díẹ̀ tí béárìn mi fara dà ní ṣọ́ọ̀bù láìmira ti di ìlọ́po mẹ́fà ó lé nígbà tó dé abúlé. Dírọ́ọ̀mù náà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20. Nígbà tí mótò ń yí i, ojú rẹ̀ ń sáré bí ọkọ̀ tó ń rọra lọ láàárín ìlú, bíi kìlómítà 54 ní wákàtí kan. Ẹ́ńjìnnì gbé e dé nǹkan bíi 135. Ta ló máa ju ẹ̀gẹ́ lu ọkọ̀ tó ń sá eré Èkó sí Ìbàdàn, tí kò ní fò padà lù ú?

Oògùn rẹ̀ kò wọ́n. Mo fi púlì mílímítà 80 sórí ẹ́ńjìnnì, mo fi ti 200 sára dírọ́ọ̀mù, eré sì padà sí 1,440. Owó púlì méjèèjì kò tó owó ọkọ̀ tí mo wọ̀ lọ wọ̀ bọ̀. Ohun tó dùn mí ni pé ìṣirò yìí wà lára àwọn ìṣirò tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa ní ilé ìwé. Kì í ṣe pé n kò mọ̀ ọ́n, n kò rántí bi ara mi ni.

Mo padà délé, mo ṣí ìwé tí mo kọ ètò ẹ̀rọ náà sí. Wọ́n kọ́ wa pé kí a tó ya ohunkóhun, kí a kọ ohun tí a fẹ́ kí nǹkan náà ṣe sílẹ̀. Mo kọ ọ́ lóòótọ́: "Kí ó rin ẹ̀gẹ́ kìló 500 láàárín wákàtí kan." Gbogbo rẹ̀ nìyẹn, lẹ́yìn náà ó kan ojú ìwé mọ́kànlá tó kún fún ìṣirò. Kò sí ibi tí mo kọ ohun tí yóò máa yí i sí, tàbí ẹni tí yóò dúró tì í, tàbí irú aṣọ tí onítọ̀hún máa ń wọ̀, tàbí ẹni tí yóò tún un ṣe bó bá dákẹ́ lọ́jọ́ tí ọjà ku ọ̀la. N kò tilẹ̀ kọ bí ẹ̀gẹ́ náà ṣe gbọ́dọ̀ kúnná tó, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gan-an wà. Májèlé sáyánáìdì tó wà nínú ẹ̀gẹ́, rírin ló ń fọ́ ara rẹ̀ kí májèlé náà lè rí ọ̀nà jáde, kí bíba, fífún àti yíyan tó wá lé èyí tó kù lọ. Ẹ̀rọ tó bá ń fi èkìrí sílẹ̀ kò tíì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rà á fún, ì báà rin 1,000 kìló ní wákàtí kan.

Nítorí náà, kí n tó ya ẹ̀rọ kejì, mo lọ jókòó ọjọ́ méjì pẹ̀lú àwọn obìnrin náà. N kò mú ìwé lọ lọ́jọ́ kìíní. Ìmọ̀ràn bàbá tó ń jó irin fún wa ni, ó ní bí mo bá gbé ìwé lọ, ọ̀rọ̀ tí wọ́n rò pé mo fẹ́ gbọ́ ni wọ́n máa sọ fún mi.

Mo bá wọn bó ẹ̀gẹ́. Ọwọ́ mi kò yá, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá ni ìyá tó ni ibẹ̀ wo ẹ̀rọ mi títí, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta lo ṣe nǹkan yìí fún? Ṣé àwọn tó ga bí òpó iná?" Ẹnu ẹ̀rọ náà ga tó mítà kan àtààbọ̀ sílẹ̀. Mo ní ìdí tí mo fi ṣe é bẹ́ẹ̀, mo tilẹ̀ ti ń fi ìdí ọ̀hún yangàn: orí ni àwọn ìyá wa fi ń ru ẹrù, mo ní kí ẹnu ẹ̀rọ ga kí wọ́n lè dà á sí i tààrà láti orí. Ọgbọ́n orí ìwé ni. Ní tòótọ́, bí wọ́n bá ti sọ ẹ̀gẹ́ kalẹ̀ lórí, wọ́n á jókòó bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́ nínú abọ́ ńlá, ilẹ̀ ni abọ́ náà sì ń wà. Láti ilẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ kó o sí ẹ̀rọ. Apá ìyá yẹn ń ga ju èjìká rẹ̀ lọ ní gbogbo ìgbà tó bá kó ẹ̀gẹ́, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ kejì mo mú téèpù lọ. Mo wọn ìgbúnwọ́ gbogbo obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, láti ilẹ̀ dé ìgbúnwọ́, àwọn méje. Mo fi ti ẹni tó kúrú jù nínú wọn ṣe òdiwọ̀n. Ẹni tó ga lè tẹ̀ díẹ̀, ẹni tó kúrú kò lè na egungun rẹ̀.

Bí mo ṣe ń rò pé mo ti yanjú ìyẹn ni òmíràn tún yọjú. Ẹnu tó wà nílẹ̀, ọwọ́ ènìyàn á tètè dé ibi tí dírọ́ọ̀mù ti ń yí. Ẹnu tó ga ti ń dáàbò bo ọwọ́ wọn láìjẹ́ pé mo ní in lọ́kàn. Bí mo ṣe ń mú un wálẹ̀, ààbò náà ń lọ. Mo ní láti ṣe ọ̀nà ọ̀fun gígùn kan tó dagun, tó tún yà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ̀gẹ́ lè yọ̀ wọlé ṣùgbọ́n kí apá má lè dé ìdí rẹ̀. Mo tún padà lọ wọn apá. Lọ́tẹ̀ yìí, ti ẹni tí apá rẹ̀ gùn jù ni mo fi ṣe òdiwọ̀n, mo sì fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lé e. Ènìyàn méje kan náà ni, téèpù kan náà ni: fún ẹnu ẹ̀rọ, ẹni tó kúrú jù, fún ọ̀fun, ẹni tí apá rẹ̀ gùn jù. Bí mo bá lo ti ẹni tó wà láàárín fún méjèèjì, mo ti ṣe ẹ̀rọ tó ń dá ẹlòmíràn lápá ró, tó sì lè gé ọwọ́ ẹlòmíràn. Àwọn kan máa ń sọ pé "ènìyàn lápapọ̀" làwọn ya nǹkan fún. N kò tíì pàdé ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ti bẹ́líìtì náà wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ mi àkọ́kọ́ ní ìdérí tó bo bẹ́líìtì, bóòtì mẹ́fà ló sì dè é mọ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo padà lọ, ìdérí náà ti wà lẹ́yìn ilé, adìyẹ ń mu omi nínú rẹ̀. Inú bí mi. Mo ti ń múra láti sọ̀rọ̀ nípa ìró àti gèlè tí bẹ́líìtì lè ká mọ́ra, mo wá bi ọmọkùnrin tó ń bá wọn tọ́jú ẹ̀rọ náà léèrè ìdí tó fi yọ ọ́. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, bẹ́líìtì yẹn ń dẹ̀ lójoojúmọ́. Kí n tó lè fà á le, mo gbọ́dọ̀ tú bóòtì mẹ́fà, sípánà wa sì wà lọ́wọ́ ọlọ́kadà." Kí ni mo fẹ́ sọ? Èmi ni mo fi ohun tí wọ́n máa fọwọ́ kàn lójoojúmọ́ sábẹ́ ohun tí wọn kò gbọdọ̀ ṣí. Nínú ẹ̀rọ kejì, mo fa bóòtì tó ń fà bẹ́líìtì le jáde síta ìdérí, mo fi ìdè bíi ti ilẹ̀kùn gbé ìdérí náà kọ́, kí wọ́n lè ṣí i nígbà tí ẹ̀rọ bá dákẹ́ láìlo sípánà. Ó ṣì wà lára ẹ̀rọ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Adìyẹ ti wá ibòmíràn.

Béárìn náà kò fi bẹ́ẹ̀ gba ọ̀rọ̀. Èyí tí mo fi sí ti àkọ́kọ́, Èkó nìkan la ti ń rí i. Ti kejì, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 205 ni mo fi sí i, irú èyí tí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata ń lò, tó ń gba ṣáàfù (ọ̀pá tó gbé dírọ́ọ̀mù) mílímítà 25. Kò sí ìlú kékeré tí ènìyàn kò ti ní rí i rà.

Ti irin ni ká sọ. Omi ẹ̀gẹ́ máa ń kan, ó sì ń jẹ irin. Páànù tí mo fi bo dírọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, tí a fi ìṣó lu ihò sí lára kó lè há ẹ̀gẹ́, ti dípẹtà kí oṣù méjì tó pé, gàrí wọn sì ń ní àmì dúdú dúdú. Àwọn oníbàárà ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ń fi sílẹ̀. Sítẹ́líìsì, irin tí kì í tètè dípẹtà, ni oògùn rẹ̀, gbogbo ayé ló mọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá fi sítẹ́líìsì ṣe ẹ̀rọ náà látòkè délẹ̀, àwọn tí mo ṣe é fún kò ní lè rà á. Mo wá jókòó, mo fi pẹ́ńsù pupa kùn gbogbo ibi tí ẹ̀gẹ́ ń fara kàn lórí àwòrán: dírọ́ọ̀mù, ọ̀fun, ibi tó ń gbà jáde. Ibẹ̀ nìkan ló gba sítẹ́líìsì. Ẹsẹ̀ àti férémù jẹ́ irin lásán tí a kùn ní ọ̀dà. Ibi kan ṣì tàn mí jẹ: wẹ́dà fi ọ̀pá ìjórin lásán jó sítẹ́líìsì pọ̀, ojú ibi tó jó náà sì dípẹtà ṣáájú ohun gbogbo. Ó ní ọ̀pá tirẹ̀ tó yẹ ẹ́. Láti ìgbà náà, mo ń kọ orúkọ ọ̀pá sórí àwòrán.

Àmọ́ ohun tó kó mi láyà jù kì í ṣe ti ẹ̀rọ ìrin. Ti ìfún ni.

Ẹ̀gẹ́ tí a bá rin, inú àpò ni wọ́n ń dì í sí láti fún omi rẹ̀. Láyé àtijọ́, òkúta ni wọ́n ń tò lé e lórí, tàbí kí wọ́n fi igi àti okùn dì í. Jáàkì ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń lò nísinsìnyí, nínú férémù irin. Mo ṣírò agbára tó tó láti fún àpò tí wọ́n ń lò, kò dé tọ́ọ̀nù mẹ́wàá. Mo ṣe férémù tó lè gba mẹ́wàá, mo tún fi díẹ̀ lé e, mo sùn fọnfọn. Jáàkì tí wọ́n rí rà lọ́jà wá jẹ́ ti tọ́ọ̀nù 30. Mo ní kò sí wàhálà, ó ṣáà ju èyí tí a nílò lọ.

Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin méjì ń fa jáàkì, omi ń jáde, wọ́n ń fà á nìṣó nítorí omi ṣì ń kán. Ta ló sọ fún wọn pé ó tó? Irin òkè tẹ̀ bí ọrun, jáàkì yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fò kọjá ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wọn. Kò bà á. Mo ṣì ń rí i lójú àlá nígbà míì. Mo ti ṣírò iye tí iṣẹ́ náà nílò, n kò ṣírò iye tí ọwọ́ ènìyàn lè fún un. Férémù kò mọ ohun tí mo kọ sínú ìwé, ohun tí jáàkì bá tì í ló mọ̀.

Ẹ̀rọ ìfún tuntun ní jáàkì tọ́ọ̀nù mẹ́wàá, férémù rẹ̀ sì lè gba ogún. Ẹnìkan ní mo ti ń fi irin ṣòfò. Ohun tí mo ń wò ni pé, bí nǹkan kan bá máa juwọ́ sílẹ̀, èwo ni mo fẹ́ kó ṣáájú? Kó jẹ́ jáàkì, kó má jẹ́ irin tó wà lókè orí ènìyàn. Lára ẹ̀rọ ìrin náà, mo fẹ́ kó jẹ́ bẹ́líìtì ló máa yọ̀, kó má jẹ́ ṣáàfù ló máa ṣẹ́.

Ṣáàfù sì ṣẹ́. Ti ẹ̀rọ kẹta ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ni mo máa ń tijú láti sọ. Nínú àwòrán mi, ṣáàfù kan ṣoṣo ló la inú dírọ́ọ̀mù já láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Bàbá wẹ́dà pè mí lórí fóònù. "Ẹnjiníà, ṣáàfù gígùn yìí ti wọ́n. Mo ní kúkúrú méjì nílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jó wọn mọ́ ojú dírọ́ọ̀mù ní tọ̀tún-tòsì, ohun kan náà ni." Inú ọkọ̀ ni mo wà. Mo ní, "Kò burú, Bàbá, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀."

Kì í ṣe ohun kan náà. Ṣáàfù tó bá ń yí lábẹ́ ẹrù ń tẹ̀ sókè tẹ̀ sílẹ̀ ní gbogbo ìyípo, bí wáyà tí ọmọdé ń tẹ̀ síwá tẹ̀ sẹ́yìn títí tó fi já. Ní 1,440 láàárín ìṣẹ́jú kan, fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ó ń tẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù lọ́jọ́ kan. Ṣáàfù tó gún já lè fara dà á fún ọdún gbọọrọ. Ojú ibi tí iná wẹ́dà ti jó o, tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ìtẹ̀ náà ń kó jọ sí, lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo tún ka ìtàn hòtẹ́ẹ̀lì Hyatt Regency ní Kansas City, Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti sọ fún wa ní ilé ìwé, tí mo kọjá lára rẹ̀. Ọ̀nà àrìnkiri méjì ni wọ́n fi ọ̀pá irin gbé kọ́ sára òrùlé, ọ̀kan lókè èkejì. Nínú ètò àkọ́kọ́, ọ̀pá kan náà ló máa la méjèèjì já láti òkè. Torí kó lè rọrùn láti tò, wọ́n gé e sí méjì: ti òkè rọ̀ mọ́ òrùlé, ti ìsàlẹ̀ wá rọ̀ mọ́ ọ̀nà òkè. Bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀tì tó wà lábẹ́ ọ̀nà òkè ṣe ń gbé ẹrù ọ̀nà méjèèjì. Ètò àkọ́kọ́ gan-an kò kún ojú ìwọ̀n tí òfin ìkọ́lé béèrè. Ní oṣù Keje ọdún 1981, wọ́n já lulẹ̀ láàárín èrò, ènìyàn 114 kú. Àwọn ẹnjiníà tó fọwọ́ sí i pàdánù ìwé àṣẹ iṣẹ́ wọn ní ìpínlẹ̀ Missouri. Nígbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, ohùn ara mi ni mo ń gbọ́ nínú ọkọ̀: kò burú, Bàbá.

Bàbá wẹ́dà kò ṣẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó yẹ kó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá pè mí pé òun fẹ́ yí nǹkan padà, mo máa ń ní kí ó fún mi di ọ̀la. Mo sì ti ń lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kí n tó parí àwòrán, nítorí pé bí mo bá ti mọ̀ pé ṣáàfù gígùn wọ́n, mo lè ti dín gígùn dírọ́ọ̀mù náà kù láti ìbẹ̀rẹ̀.

Oṣù tó kọjá ni mo padà sí abúlé yẹn. Ẹ̀rọ kejì ń ṣiṣẹ́, kò gbọ̀n, ohùn rẹ̀ tutù. Ṣùgbọ́n ó dagun. Wọ́n ti ti búlọ́ọ̀kù sábẹ́ ẹsẹ̀ méjì tó wà lẹ́yìn, gbogbo ẹ̀rọ náà wá tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń kí àgbà. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe fi búlọ́ọ̀kù sábẹ́ rẹ̀?"

Ó ní, "Ẹ̀gẹ́ tó rin kì í fẹ́ jáde. Ọmọ yìí ní láti máa fi igi wọ́ ọ. Nígbà tá a gbé ìdí rẹ̀ sókè, ó ń jáde fúnra rẹ̀."

Mo wo ibi tó ń gbà jáde. Mo ti fún un ní ìdagun tó tó fún ẹ̀gẹ́ tó ní omi dáadáa, bí èyí tí a rin ní ṣọ́ọ̀bù lásìkò òjò. Ọ̀gbẹlẹ̀ la wà yìí. Ẹ̀gẹ́ inú ọ̀gbẹlẹ̀ kì í ṣàn, ṣe ló ń lẹ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo yọ téèpù lápò, mo wọn gíga búlọ́ọ̀kù náà.